Máàkì JAMB rẹ dára, kò kàn ga tó: bí ọmọ Ìkòròdú ṣe lè fi 200 sí 260 wọ yunifásítì

Tó bá ti ń di ìparí ọdún, ọ̀rọ̀ kan náà ni mò ń gbọ́ lẹ́nu àwọn òbí ní Sábó, ní Àgíríìkì, ní Ìgbógbó: “Ọmọ mi gba 231, wọn ò mú un.” Ọmọ tó gba 231 kò ṣe kékeré rárá. Nínú èsì tí JAMB kọ́kọ́ gbé jáde ní 2025, àwọn tó ṣe ìdánwò náà sún mọ́ mílíọ̀nù méjì. Àwọn tó gba 200 sí 249 nínú wọn jẹ́ 334,560, àwọn tó gba 250 sí 299 sì jẹ́ 73,441. Ọmọ yẹn ti fẹ̀yìn ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ balẹ̀, síbẹ̀ ilé ló jókòó sí.

Ohun tó ń fà á ni pé a gbà pé máàkì JAMB nìkan ló ń múni wọlé. Kọ́ọ̀sì tó o mú, ìpínlẹ̀ tó o ti wá, èsì WAEC rẹ àti bí ìwé rẹ ṣe wà lórí CAPS, ojúlé JAMB tí wọ́n ti ń ṣe ètò ìgbàwọlé, ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ náà. Ẹni tó gba 310 lè ṣàṣìṣe níbi méjì kó sì tún wọlé. Ẹni tó gba 231 kò ní irú ààyè bẹ́ẹ̀. Òun ni mo kọ èyí fún.

Ohun tó yẹ kó wà lọ́wọ́ rẹ

Kó gbogbo rẹ̀ sínú fáìlì kan kí o tó ṣe ohunkóhun.

- Nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ JAMB, pẹ̀lú ímeèlì àti password tó o fi ń wọ profile rẹ. Ímeèlì náà gbọ́dọ̀ jẹ́ tìrẹ. Bó bá jẹ́ ti oníkafé ni wọ́n lò lọ́jọ́ tó o forúkọ sílẹ̀, lọ yanjú ẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí, torí ibẹ̀ ni ìkéde máa wọlé sí.
- SIM tó o fi gba profile code, àti NIN rẹ.
- Èsì WAEC tàbí NECO: kírẹ́díìtì márùn-ún, kí Gẹ̀ẹ́sì wà níbẹ̀, àti Ìṣirò fún kọ́ọ̀sì tó bá ń béèrè rẹ̀.
- Ìwé ọjọ́ orí. Ọdún 16 ni ìlànà JAMB.
- Ìwé ẹ̀rí ọmọ onílẹ̀ láti ìjọba ìbílẹ̀ rẹ. Má tíì lọ gbà á, ka Ìpele 2 ná.
- Owó. JAMB ń gba 2,500 náírà fún àyípadà kọ́ọ̀sì tàbí ilé ẹ̀kọ́. 2,000 náírà ni ìjọba àpapọ̀ fi ṣe òpin ohun tí ilé ẹ̀kọ́ lè gbà fún post-UTME, ìyẹn àyẹ̀wò tí ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ń ṣe lẹ́yìn JAMB. Owó kafé àti owó ọkọ̀ wà lọ́tọ̀.

Kí o tó pa fáìlì náà dé, tẹ́ WAEC, NIN àti èsì JAMB sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí tábìlì, kí o ka orúkọ rẹ lẹ́tà lẹ́tà. Bí WAEC bá kọ Rukayat tí NIN kọ Rukayah, ìyàtọ̀ lẹ́tà kan yẹn lè dá ọ dúró lọ́jọ́ ìforúkọsílẹ̀ nílé ẹ̀kọ́. Àtúnṣe orúkọ máa ń pẹ́, torí náà òun ni kó o kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀.

Ìpele 1: Ṣírò iye tó o ní gan-an

Ilé ẹ̀kọ́ kì í fi máàkì JAMB lásán tò yín. Àròpọ̀ kan wà tí wọ́n ń ṣe, ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ló sì ní tirẹ̀.

Ní UNILAG, ọgọ́rùn-ún ni gbogbo rẹ̀: JAMB 50, post-UTME 30, WAEC 20. Pín máàkì JAMB rẹ sí 8, o ti rí ti JAMB nìyẹn. Ti WAEC, sọ́bújẹ́ẹ̀tì márùn-ún tó bá ohun tó o fẹ́ kà mu ni wọ́n ń wò. A1 jẹ́ 4.0, B2 jẹ́ 3.6, B3 jẹ́ 3.2, C4 jẹ́ 2.8, C5 jẹ́ 2.4, C6 jẹ́ 2.0.

Ká wá mú ọmọ méjì. Ṣẹ́gun gba 251 ní JAMB. WAEC rẹ̀ jẹ́ C4 kan, C5 méjì, C6 méjì. Bọ́lá gba 228, àmọ́ WAEC rẹ̀ jẹ́ A1 kan, B2 méjì, B3 méjì.

Ti Ṣẹ́gun: 251 pín sí 8 jẹ́ 31.375. WAEC rẹ̀ jẹ́ 11.6. Àpapọ̀, 42.975.
Ti Bọ́lá: 228 pín sí 8 jẹ́ 28.5. WAEC rẹ̀ jẹ́ 17.6. Àpapọ̀, 46.1.

Wọn ò tíì ṣe post-UTME, Bọ́lá ti fi máàkì mẹ́ta àti díẹ̀ ṣíwájú. Gbogbo àdúgbò ti ń kí Ṣẹ́gun kú oríire, wọ́n sì ń sọ fún ìyá Bọ́lá pé kó ra fọ́ọ̀mù mìíràn dání. Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe ìṣirò yìí kí ẹ tó bá ọmọ yín wí.

Ohun méjì ni kó o mú níbẹ̀. Máàkì kan nínú àròpọ̀ UNILAG dọ́gba pẹ̀lú máàkì mẹ́jọ ní JAMB, torí náà ìbéèrè mélòó kan tó o bá gbà ní post-UTME lè dí àlàfo tó ń bà ọ́ lẹ́rù. Èkejì, ẹni tó bá sún C6 kan lọ sí B3 ti rí 1.2, ìyẹn ohun tó sún mọ́ máàkì mẹ́wàá ní JAMB.

Ní Ìbàdàn, ìṣirò náà yàtọ̀: JAMB pín sí 8, post-UTME pín sí 2, ó parí. WAEC gbọ́dọ̀ pé, ṣùgbọ́n A1 àti C6 ò yàtọ̀ nínú àròpọ̀. Ní Ifẹ̀, JAMB 50, post-UTME 40, WAEC 10. Ìyẹn ni pé ẹni tí WAEC rẹ̀ mọ́ dáadáa bíi ti Bọ́lá, UNILAG ló máa ràn án lọ́wọ́ jù. Ẹni tí WAEC rẹ̀ rí bíi ti Ṣẹ́gun àmọ́ tó mọ ìdánwò ṣe, Ìbàdàn ni kó wò.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìṣe:* àwọn kan á mú ìṣirò UNILAG, wọ́n á fi wọn LASU tàbí LASUSTECH, àwọn yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkó. Ojúlé ilé ẹ̀kọ́ náà fúnra rẹ̀ ni kó o ti wò ó, nínú ìkéde post-UTME ti ọdún yìí.

*Yẹ̀ ẹ́ wò:* nọ́ńbà kan gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé rẹ báyìí, tó jẹ́ JAMB àti WAEC láìsí post-UTME. Bí o bá ṣì ń fi 231 júwe ara rẹ, o ò tíì ṣe ìpele yìí.

Ìpele 2: Mú kọ́ọ̀sì tí nọ́ńbà rẹ lè bá figa gbága

Ibí lọ̀pọ̀ ti ń ṣubú, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀.

231 kò tóbi, kò sì kéré, àfi tó bá dé iwájú kọ́ọ̀sì kan. Bó bá lọ síwájú ìmọ̀ ìṣègùn tàbí ìmọ̀ òfin ní UNILAG, àwọn tó gba 280 àti 300 ló máa bá lórí ìlà. Bó bá lọ síwájú Botany, Marine Sciences, ìmọ̀ ìtàn, Philosophy, tàbí àwọn kọ́ọ̀sì abẹ́ ìmọ̀ ẹ̀kọ́, ìlà náà kì í gùn tó bẹ́ẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ kan náà ni, géètì kan náà.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo kọ́ọ̀sì ni o lè yí sí. Sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tó o ṣe ní JAMB ló máa sọ ibi tí o lè lọ. Ẹni tó ṣe Gẹ̀ẹ́sì, Físíìsì, Kẹ́místírì àti Bàyọ́lọ́jì nítorí ìṣègùn ṣì lè wo Microbiology, Biochemistry, Botany, Marine Sciences, iṣẹ́ àgbẹ̀, tàbí kó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ni ní Bàyọ́lọ́jì tàbí Kẹ́místírì. Ẹni tó ṣe Lítíréṣọ̀ àti Góvámẹ́ǹtì nítorí ìmọ̀ òfin lè wo ìmọ̀ ìtàn, Philosophy, ìmọ̀ ìṣèlú, tàbí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Lọ sí ibass.jamb.gov.ng, tẹ orúkọ kọ́ọ̀sì àti ilé ẹ̀kọ́, kí o ka ohun tí wọ́n ń béèrè láti òkè dé ilẹ̀. Ẹni tó bá ní “wọ́n ní ó ṣeé ṣe” láìka ojúlé yẹn, ìmọ̀ràn òfo ló fún ọ.

Nígbà tó o bá ti mọ àwọn tó ṣeé ṣe, wá cut-off mark ọdún tó kọjá, ìyẹn àròpọ̀ tó kéré jù tí wọ́n fi múni wọlé, fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Fi máàkì post-UTME tí ọkàn rẹ lè gbé kún nọ́ńbà Ìpele 1. Ẹni tí kò tíì gbára dì, kó fi 15 nínú 30 ṣe é. Mú kọ́ọ̀sì tí àpapọ̀ yẹn fi bíi máàkì méjì ju cut-off ọdún tó kọjá lọ. Bó bá jẹ́ pé orí cut-off gan-an lo dúró sí, ewu ni, torí ó máa ń gòkè.

Ẹ gbọ́, mi ò sọ pé kí ọmọ sá fún ohun tó fẹ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé kó mọ iye tó ń ná an. Bí ọmọ bá fẹ́ jẹ́ dókítà tó sì lè fi ọdún kan sí i ṣe JAMB mìíràn, kó ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ojú lílà. Ohun tó ń dùn mí ni ọmọ tó sọ ọdún méjì, mẹ́ta nù sórí Nọ́ọ̀sì, tí kò sẹ́ni tó fi hàn án pé kọ́ọ̀sì mẹ́fà mìíràn wà tó ti yege fún láti ọdún àkọ́kọ́.

Ọmọ Ìkòròdú tún ní àǹfààní kan tí kì í kà sí. LASUSTECH wà níbí, ní ọ̀nà Ṣágámù. Ó di yunifásítì ní 2022, orúkọ LASPOTECH àtijọ́ ló ṣì wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ òbí, wọ́n sì ń rò pé pólì ni. Ní ọgbà LASU ti Ẹ̀pẹ́ ni ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ àti ti iṣẹ́ àgbẹ̀ wà, ọ̀nà Ìtóìkín lèèyàn ń gbà débẹ̀ láti ọ̀dọ̀ wa. LASUED, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀kọ́ ti ìpínlẹ̀ Èkó, náà wà ní Nọ́fọ́rìjà, Ẹ̀pẹ́. LASU ti ń béèrè 195 fún ọdún mélòó kan kí o tó lè ṣe àyẹ̀wò wọn, UNILAG ń béèrè 200. Iṣẹ́ àgbẹ̀ tí mo dárúkọ yìí, àwọn òbí a máa yínmú sí i bí ẹni pé ọkọ́ àti àdá ni wọ́n fẹ́ kó fún ọmọ. Àwọn tó kà á ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣe oúnjẹ fún ẹran ọ̀sìn, ní ilé iṣẹ́ ìwádìí. Ẹ fi àyè gbà á.

Ọ̀rọ̀ ìpínlẹ̀ wá kù. Ní yunifásítì ìjọba àpapọ̀, 45 nínú ọgọ́rùn-ún ààyè ni wọ́n ń fi máàkì nìkan pín, 35 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tó yí ilé ẹ̀kọ́ ká, 20 jẹ́ ti àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ kò tíì rìn jìnnà níbẹ̀. Àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fà ilẹ̀ Yorùbá ló yí UNILAG ká, cut-off ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì lè yàtọ̀ sí èkejì. LASU àti LASUSTECH jẹ́ ti ìpínlẹ̀ Èkó, ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n ń ṣojú rere sí.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìṣe:* bí wọ́n ṣe bí ọ sí Ìta-Ẹlẹ́wà kò sọ ọ́ di ọmọ ìpínlẹ̀ Èkó lójú àwọn wọ̀nyí. Ibi tí bàbá rẹ ti wá ni wọ́n ń pè ní ìpínlẹ̀ rẹ. Ọmọ Ọ̀yọ́ tó lọ ra ìwé ọmọ onílẹ̀ Ìkòròdú ń wá wàhálà, wọ́n lè gba ààyè náà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ àyẹ̀wò ìwé. Lo ìpínlẹ̀ rẹ gan-an, kí o wo cut-off tirẹ̀. Ìgbà yìí ni kó o wá lọ gba ìwé ìjọba ìbílẹ̀ náà.

*Yẹ̀ ẹ́ wò:* ilé ẹ̀kọ́ kan àti kọ́ọ̀sì kan wà lórí ìwé rẹ, o ti ka ohun tó ń béèrè ní IBASS, nọ́ńbà rẹ sì ju ti ọdún tó kọjá lọ fún ìpínlẹ̀ rẹ.

Ìpele 3: Yí i padà lórí JAMB

Bó bá jẹ́ ohun tó o ti mú tẹ́lẹ̀ ló tún bọ́ sí i, fo ìpele yìí. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, lọ sí ilé ìdánwò CBT tí JAMB fọwọ́ sí, ní kí wọ́n bá ọ ṣe àyípadà. Fi ilé ẹ̀kọ́ tó o fẹ́ sí ipò kìíní. UNILAG, Ìbàdàn àti Ifẹ̀ kì í wo ẹni tó fi wọ́n sípò kejì.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìṣe:* àkókò. Ẹni tó yí sí ilé ẹ̀kọ́ tí ìforúkọsílẹ̀ post-UTME rẹ̀ ti parí ti fi 2,500 náírà ra ìjókòó ilé. Wo ọjọ́ ìparí wọn kí o tó sanwó.

*Yẹ̀ ẹ́ wò:* má kúrò níbẹ̀ títí wọ́n á fi tẹ ìwé àyípadà náà fún ọ, tí o sì ti rí orúkọ kọ́ọ̀sì tuntun lórí rẹ̀.

Ìpele 4: Jẹ́ kí èsì WAEC rẹ wà lórí CAPS

Èyí kéré, òun ló sì ń pa ọ̀pọ̀ lára. JAMB kì í lọ bá WAEC gba èsì rẹ wá fúnra rẹ̀. Ilé ìdánwò CBT ló máa fi sí i fún ọ. Bó o bá forúkọ JAMB sílẹ̀ nígbà tí èsì rẹ ò tíì jáde, o gbọ́dọ̀ padà lọ. Bí kò bá sí níbẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ kò lè dábàá orúkọ rẹ, ì báà jẹ́ 270 lo gbà.

Ọ̀dọ́ tó wà nídìí kọ̀ǹpútà máa sọ pé “mo ti fi sí i, ẹ máa lọ.” Má lọ. Yọ fóònù rẹ síta, wọ efacility.jamb.gov.ng, tẹ Check Admission Status, mú ọdún rẹ, tẹ nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀, kí o wá tẹ Access my CAPS. Lórí fóònù, ojú ìwé kan tí kò ní nǹkan kan lórí ló máa yọ sí ọ, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ ti ń padà sẹ́yìn pé ojúlé náà ò ṣiṣẹ́. Tẹ àmì tóótòòtó mẹ́ta tó wà lókè Chrome, mú Desktop site. Ojú ìwé náà á kéré, ọ̀wọ́ àwọn bọ́tìnnì á sì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́, tẹ My O'Level.

*Yẹ̀ ẹ́ wò:* sọ́bújẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan àti gréèdì rẹ̀ gbọ́dọ̀ yọ lójú rẹ, bó ṣe wà lórí ìwé WAEC gan-an, títí kan ọdún àti nọ́ńbà ìdánwò. Bí C5 bá di C6, tàbí tí Ìṣirò kò sí níbẹ̀, ìsinsìnyí tó o ṣì dúró nílé CBT ni kó o jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe.

Ìpele 5: Post-UTME

Fún ẹni tó gba 200 sí 260, ìdánwò yìí ni àǹfààní tó kù tí ọwọ́ rẹ ṣì lè tẹ̀. Bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé lọ́jọ́ tí èsì JAMB jáde, má dúró de ìkéde. Ìbéèrè ọdún tó kọjá ni kó o fi ṣe é, kí o gbé aago sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, torí àkókò ló ń pa èèyàn níbẹ̀ ju ìbéèrè lọ.

Bó bá jẹ́ Akọ́kà, níbi tí UNILAG wà, lò ń lọ láti Ìkòròdú, má fọkàn tán ojú ọ̀nà Máìlì 12. Ẹni tí ìdánwò rẹ̀ jẹ́ aago mẹ́jọ, kó ti wà nínú BRT kí ilẹ̀ tó mọ́, tàbí kó sùn sọ́dọ̀ ìbátan ní Yábàá.

*Yẹ̀ ẹ́ wò:* fi máàkì post-UTME kún nọ́ńbà Ìpele 1. Àpapọ̀ yẹn lo máa fi wé cut-off tí wọ́n bá gbé jáde.

Ìpele 6: Máa ṣọ́ CAPS, kí o sì mọ ohun tó ń sọ

Bí kíkó àwọn orúkọ bá ti bẹ̀rẹ̀, wọ CAPS lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Láàárọ̀ tó.

“Not Admitted” kò túmọ̀ sí pé wọ́n ti kọ̀ ọ́. Ohun tó máa wà níbẹ̀ nìyẹn títí ilé ẹ̀kọ́ á fi dábàá orúkọ rẹ. Ìwé orúkọ àkọ́kọ́ máa ń jẹ́ ti àwọn tó gba máàkì gíga, ti ìpínlẹ̀ máa ń tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi àfikún dí ààyè àwọn tí kò gba tiwọn. Inú ìwé kejì àti ìkẹta ni àwọn tó gba irú máàkì tiwa ti sábà máa ń bọ́ sí i. Ẹni tó ti pa ọkàn rẹ̀ dé lẹ́yìn ìwé àkọ́kọ́ ni ààyè rẹ̀ máa ń gbẹ sórí CAPS, tí kò mọ̀.

Bí o bá rí “Admission in Progress”, iṣẹ́ ń lọ lórí orúkọ rẹ, dúró.

Wá tẹ Transfer Approval náà wò nígbà gbogbo. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá rí i pé máàkì rẹ kò tó kọ́ọ̀sì tó o mú, wọ́n lè fi ọ́ sí òmíràn, wọ́n á sì dúró de ìfọwọ́sí rẹ níbẹ̀. Ká ní o mú Microbiology, wọ́n ní kí o wá ka Bàyọ́lọ́jì lábẹ́ ìmọ̀ ẹ̀kọ́. Èrò tèmi ni pé kí ẹ jókòó nílé, ẹ̀yin òbí pẹ̀lú ọmọ, kí ẹ bi ara yín léèrè bóyá ọmọ náà lè ka kọ́ọ̀sì yẹn parí láìronú pé òun á yí padà lọ́dún kejì. Yíyí padà nínú yunifásítì wà lóòótọ́, àmọ́ ó ṣòro, ààyè rẹ̀ kò pọ̀. Bó bá lè kà á parí, ẹ fọwọ́ sí i kíákíá.

“Admitted” bá yọ, tẹ Accept. Àyàfi tó o bá tẹ̀ ẹ́ ni wàá lè tẹ ìwé ìgbàwọlé JAMB jáde. Má fọwọ́ kan Reject bí kò bá sí ààyè mìíràn tó dájú lọ́wọ́ rẹ. Mo ti rí ọmọ tó kọ ohun tí wọ́n fún un torí pé ẹ̀gbọ́n kan ṣèlérí kọ́ọ̀sì tó dára jù. Kò sí ẹni tó fún un ní òmíràn lọ́dún náà.

*Ibi tí wọ́n ti ń ṣìṣe:* ẹni tó sọ pé òun ní “slot”, kí ẹ mú owó wá, pé òun á fi orúkọ sí i láìgba CAPS kọjá. Láti 2017 ni CAPS ti bẹ̀rẹ̀, JAMB kò sì ka gbígbàwọlé tí kò bá gba ibẹ̀ sí. Ọmọ lè kàwé dé ọdún kẹrin lórí irú ààyè bẹ́ẹ̀ kó má lè lọ sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ (NYSC). Ẹ má san án, bó ti wù kí aṣọ ẹni náà funfun tó.

*Yẹ̀ ẹ́ wò:* ìwé ìgbàwọlé JAMB àti ti ilé ẹ̀kọ́ wà lọ́wọ́ rẹ, kọ́ọ̀sì tó wà lórí méjèèjì sì bára mu. Ìgbà yẹn ni ẹni tí owó ń dà láàmú lè kọ̀wé sí NELFUND, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọba nìkan ni owó yẹn wà fún, torí náà ẹni tó ń wo yunifásítì aládàáni bíi Caleb ní Ìmọ̀tà tàbí Augustine ní Ìlárá-Ẹ̀pẹ́ kò lè gbójú lé e.

Ìpele 7: Bí ọdún bá ti ń parí tí kò sì sí nǹkan kan

Má ra fọ́ọ̀mù JAMB mìíràn lọ́wọ́ ìbànújẹ́. Padà sí Ìpele 1, wo ibi tí nọ́ńbà rẹ ti kéré. Bó bá jẹ́ WAEC, tún un ṣe, àmọ́ kọ́kọ́ béèrè bóyá kọ́ọ̀sì rẹ ń gba ìjókòó méjì, ìyẹn èsì ìdánwò méjì tí a pa pọ̀, torí àwọn kan kì í gbà á.

Pólì ṣì wà. Máàkì 100 ni JAMB fi ṣe ìpìlẹ̀ fún pólì ní 2024 àti 2025, Yabatech sì ní ọgbà ní Ẹ̀pẹ́ yàtọ̀ sí ti Yábàá. Ẹni tó bá gba ND, ìwé ẹ̀rí ọdún méjì ní pólì, tó dára níbẹ̀ lè fi Direct Entry wọ ọdún kejì yunifásítì, ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ sì máa ń béèrè upper credit, ipò tó tẹ̀ lé distinction. JUPEB àti IJMB, ètò ẹ̀kọ́ ìmúrasílẹ̀ fún yunifásítì, náà jẹ́ ọdún kan, ọdún kejì ni wọ́n ń gbéni wọ̀, àmọ́ iṣẹ́ wọn le, owó wọn kò sì kéré. Ẹni tó ti ń ṣiṣẹ́ lè wo NOUN, yunifásítì ìjọba àpapọ̀ tí èèyàn lè máa kà láti ilé, wọn kì í béèrè máàkì JAMB.

Bí o bá mú ọ̀nà Direct Entry, fọ́ọ̀mù tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti UTME, ìdánwò JAMB tí a ti ń sọ, ọjọ́ ìparí rẹ̀ sì yàtọ̀. Kọ ọjọ́ náà sórí kàlẹ́ńdà ilé. Kí o tó sanwó JUPEB tàbí IJMB níbikíbi, béèrè orúkọ yunifásítì tó fọwọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ yẹn, kí o wá lọ wò ó lórí ojúlé yunifásítì náà fúnra rẹ. Bí orúkọ wọn kò bá sí níbẹ̀, gbé owó rẹ padà sílé.